Apá mi ni mo ní kí wọ́n wò, ògiri ni wọ́n ń wò: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ padel orí fóònù

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ti ya fídíò yìí kì í ṣe pápá padel. Ẹ lọ tún un yà." Bẹ́ẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń kọ́ni ní padel lórí fóònù kọ nígbà tí mo fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn. Padel ni eré ìdárayá tó jọ tẹ́níìsì, tí ògiri gíláàsì wà lẹ́yìn pápá rẹ̀. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n.

₦30,000 ni mo san kí olùkọ́ lè máa wo bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tó bá ga kọjá orí. Àbújá ni mo ti ń gbá padel, tí mo bá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ní Kàbbà níbí, ògiri ẹ̀yìn ilé ìwé ni mo fi ń dánra wò. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí kí n tó sanwó, ẹni tó gbowó sì ní kò sí wàhálà. Nígbà tówó wọlé tán, ẹlòmíì ló ń dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ló ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀." Èmi tí mo ti ń dúró láti ọjọ́ Ajé!

Ọjọ́ kẹsàn-án ni olùkọ́ fúnra rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ó ti gbọ́ pé ọmọ Owé ni mí, "okun o" ló fi kí mi, ó sì tọrọ àforíjì. Ó ti ka bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá nínú fídíò tí wọ́n kọ̀ yẹn. Méjìlá ni mo fi gbogbo agbára là. Ó bi mí pé: níbo ni ẹsẹ̀ yín wà nígbà yẹn? Tí mo bá wà nítòsí nẹ́ẹ̀tì, tí bọ́ọ̀lù sì wà níwájú mi, kí n là á. Àmọ́ tó bá ti ń tì mí sẹ́yìn, tí mo sì là á, gíláàsì ẹ̀yìn á ta á padà sáàárín pápá, á di ẹ̀bùn fún alátakò. Ohun tó ń jẹ mí níyà l'Ábújá gan-an nìyẹn! Bandeja ni kí n gbá nígbà yẹn. Tíréè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Sípéènì. Kí n yí ẹ̀gbẹ́, kí n na ọwọ́ òsì sí bọ́ọ̀lù, kí n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, níwájú díẹ̀, kó lọ jìn sí kọ̀rọ̀, kó má lè ta sókè. Kì í ṣe láti fi pa ayò. Kí n má baà pàdánù ipò mi níwájú nẹ́ẹ̀tì ni. Èyí tó bá sì ti kọjá mi, kí n fi sílẹ̀ kí gíláàsì dá a padà.

Ọwọ́ òsì yẹn! Ọdún méjì ni mo fi gbá padel, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ńṣe ló ń rọ̀ dirodiro.

Ẹ̀kọ́ wọn lórí víbora, ìyẹn gbígbá tó jọ bandeja àmọ́ tó le jù ú lọ, kò dára, wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀.

Sátidé tó kọjá, l'Ábújá, wọ́n gbé e ga sí mi. Mo gé e, mo padà síwájú. Wọ́n tún gbé e, mo tún gé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò dé ẹ̀yìn, mo là á, kò padà wá. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ta ló kọ́ yín?"

Máàkì: 2 nínú 5. Wọn ò tíì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án mi kún oṣù tí mo sanwó rẹ̀.