Winchester 70 àti Remington 700: ìbọn ọdẹ méjì láti Amẹ́ríkà

Ọdún 1936 ni Winchester Model 70 jáde. Remington Model 700 tẹ̀lé e ní 1962. Bí wọ́n ṣe ń mú ọta ni ìyàtọ̀ tó ṣe kókó jù. Nínú Winchester tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964, èékánná irin gígùn kan máa ń gbá ìdí ọta mú ní kété tó bá kúrò nínú àpò ọta. Ti Remington kàn ń ti ọta síwájú ni. Ìgbà tí bolt (irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn tí wọ́n sì ń tì síwájú láti ki ọta) bá wọlé tán ni irin kékeré ojú rẹ̀ tó mú un. Ẹni tó bá kánjú fà á padà kó tó dé òpin á fi ọta kan sílẹ̀ nínú ihò tó wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn, èkejì á lọ gbá a nídìí, ìbọn á sì há. Ní iwájú ẹranko tó lè pani, irú Winchester àtijọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ mú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ju ọta kan ṣoṣo sínú ihò rẹ̀ kẹ́ ẹ wá fipá ti bolt. Èékánná yẹn lè kán. Inú àpò ọta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi í sí.

Ara Remington rí roboto bíi páìpù, ó sì rọrùn láti ṣe é kó tọ́ dáadáa: ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yìnbọn sọ́nà jíjìn fi fẹ́ràn rẹ̀.