Ètò Oscar lórí tẹlifíṣọ̀n: mẹ́fà nínú mẹ́wàá

Láti ọdún 2017 ni mo ti ń wo Oscar, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ti Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí mò ń ka ohun tí àwọn òǹwòran yòókù ń sọ bí ètò ṣe ń lọ. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó di mẹ́rin.

Ọdún 2017 yẹn ló mú mi mọ́lẹ̀. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí àwọn òṣèré àgbà, Warren Beatty àti Faye Dunaway, jáde wá láti kéde fíìmù tó dára jù lọ. Beatty ṣí àpò ìwé, ó wò ó, ó tún ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi rò pé àwàdà ló ń ṣe. Dunaway pe La La Land, àwọn tó ṣe é gun orí ìtàgé, wọ́n ń dúpẹ́ lọ ràì, àfi bí ọ̀kan nínú wọn, Jordan Horowitz, ṣe ní àṣìṣe ti wà, pé fíìmù Moonlight ló gbà á. Ó gbé káàdì sókè kí kámẹ́rà lè rí i. Àpò ìwé méjì-méjì ni àwọn tó ń ṣọ́ èsì máa ń ṣe fún àmì-ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan ìtàgé. Ẹ̀dà ti òṣèrébìnrin tó dára jù lọ, tí Emma Stone ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ni wọ́n gbé lé Beatty lọ́wọ́. Orí fóònù mi gbóná! Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń káàánú àwọn ará La La Land. Èmi ń káàánú àwọn ará Moonlight, tí ìdàrúdàpọ̀ gba ìdajì ayọ̀ wọn lọ.

Ẹ̀sùn tí mo máa ń kà jù ni pé ètò náà gùn. Òótọ́ ni, ó máa ń lé ní wákàtí mẹ́ta, ìpolówó ọjà sì ń já a jálẹ̀jálẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń gé. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni wọ́n ní kí olúborí fi dúpẹ́ kí orin tó lé e kúrò, ẹni tó ti ń lépa nǹkan yìí láti ìgbà èwe! Ní 2022, wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ mẹ́jọ, tí ti ìró àti ti àtòpọ̀ fíìmù wà lára wọn, kí ètò tó bọ́ sójú afẹ́fẹ́, wọ́n wá ń fi díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ há àárín ètò. Wọ́n ní kí àkókò má bàa lọ ni. Síbẹ̀, ètò ọjọ́ náà kọjá wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni òṣèré Will Smith gun orí ìtàgé, tó gbá aláwàdà Chris Rock létí. Wọ́n pa ohùn rẹ́ fún àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà, oníkálukú ń bèèrè bóyá tẹlifíṣọ̀n òun ló bàjẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, fídíò tí ohùn rẹ̀ pé ti dé láti Jàpáánù àti Ọsirélíà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo àmì-ẹ̀yẹ 23 padà sójú ètò.

Ti 2021 ló dùn mí jù. Wọ́n fi òṣèrékùnrin tó dára jù lọ sí ìparí, lẹ́yìn fíìmù tó dára jù lọ, a sì gbà pé Chadwick Boseman, tó ti kú ní 2020, ni wọ́n ń tọ́jú àyè náà dè. Wọ́n pe Anthony Hopkins. Kò sí níbẹ̀. Ètò parí bí ìgbà tí iná lọ. Hopkins, ẹni ọdún 83 tó wà jẹ́jẹ́ rẹ̀ nílé, ni ọ̀pọ̀ da ìbínú lé lórí, ojú sì tì mí bí mo ṣe ń kà á. Ó mọ eré náà ṣe; ẹni tó to ètò ló jẹ̀bi. Àwọn tó wo ti ọdún yẹn ní Amẹ́ríkà ò ju mílíọ̀nù 10 àti díẹ̀ lọ, ti 2014 sì lé ní mílíọ̀nù 43.

Ní 2025, Adrien Brody, tó gba ti òṣèrékùnrin tó dára jù lọ, ní kí wọ́n pa orin, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 40, tó gùn jù nínú ìtàn Oscar. Èmi tí mo ti ń jà fún àwọn olúborí bọ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgbà tí mo sanwó fún ìkànnì kan kí n lè wo Oscar lọ̀ mí. Ó ku àmì-ẹ̀yẹ méjì, àwòrán pòórá. Ẹnu àwọn àjèjì lórí fóònù ni mo ti gbọ́ ẹni tó gbà á.

Láti 2029, YouTube ni yóò máa gbé Oscar jáde, lọ́fẹ̀ẹ́, káàkiri ayé. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí ètò mìíràn tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àáyá 45 yẹn ṣe?