Ọmọkùnrin tó ń pa ẹ̀fọn ní Òkè-Bọ́lá: ẹ bá mi wo iṣẹ́ rẹ̀

₦15,000 lórí ilé kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa bá ọmọkùnrin yìí dúnàá-dúrà sí. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá máa fín oògùn ẹ̀fọn lágbègbè mi, màá tẹ̀ lé e kiri ni.

Tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ yọ, ẹ̀rọ èéfín ṣì wà nínú ọkọ̀. Ó wo abẹ́ ìkòkò òdòdó mi, ó wo táyà tí bàbá tó ń lẹ táyà kó jọ, ó wá dúró ti dúrọ́ọ̀mù ìyá ọlọ́kà. Inú mi dùn. Àwọn tó ń wá tẹ́lẹ̀, èéfín lásán ni: gbogbo wa á wúkọ́, òjò kan á rọ̀, ẹ̀fọn á tún dé.

Ẹ̀fọn ọ̀sán yìí, dúdú tó fa ilà funfun kan gbọọrọ sẹ́yìn, àlejò ni. Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti wá, táyà àlòkù inú ọkọ̀ òkun ló sì gbé e kiri ayé. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà. Ẹ̀fọn ibà a máa yé sójú omi. Tiwa yìí, ara dúrọ́ọ̀mù ló ń lẹ ẹyin mọ́, lókè ibi tí omi dé, dúdú wínníwínní bí ẹtù ìbọn. Á yé díẹ̀ síhìn-ín, á yé díẹ̀ sínú agolo lọ́hùn-ún. Ẹ da omi nù, ẹyin ò kú. Ó lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí omi bá ti bò ó, ó di tanwíjí nìyẹn. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó máa fò.

“Màmá, bí a ò bá ha á, owó yín ṣòfò,” ló wí fún ìyá ọlọ́kà, ẹni tó ti ń pariwo omi tó fowó rà. Wọ́n rọ omi sí kẹ́ẹ̀gì, ó fi kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ ha inú dúrọ́ọ̀mù yípo. Ilẹ̀ gbígbẹ ló da omi ìfọ̀ sí, kò dà á sí gọ́tà. Ìyẹn nìkan tó kí n yìn ín.

Àwọ̀n tó ń so bo dúrọ́ọ̀mù, ₦2,000, wọ́n díẹ̀, rọ́bà etí rẹ̀ sì dẹ̀. Mo ní láti fi okùn so tèmi. Kò gun òrùlé wo ọ̀nà omi tí ewé dí, bẹ́ẹ̀ omi ń dúró níbẹ̀. Táyà ńkọ́? Bàbá ní ọjà òun ni, wọ́n ṣáà kó o sábẹ́ páànù.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí ẹ bá pè é, ẹ sọ ti òrùlé kí ẹ tó sanwó.