Máàpù àtijọ́ ní Lágere: ọjà gidi, gọ́ọ̀mù burúkú

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé máàpù àtijọ́ ń rí ẹni rà á ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ máàpù ní RECTAS nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní AFRIGIST báyìí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Lágere. Ó ń ta máàpù ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù láyé ìjọba amúnisìn àti ṣáájú rẹ̀, ó ń ta ti ogun, ó sì ń ṣe férémù fún wọn.

Ojúlówó tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé "fínfín", ìyẹn èyí tí wọ́n fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ni ẹni tó ń tà á ń pe gbogbo rẹ̀, iye kan náà ló sì ń pè lé ojú-ìwé tí wọ́n gé látinú ìwé ìròyìn àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti ara bàbà ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò á jẹ èrè. Ẹni tí kò mọ̀ á san owó ẹṣin ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń fín igbá ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Afínbàbà á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wa ojú bàbà pẹlẹbẹ, ní òdì, kí ọ̀rọ̀ lè hàn bó ṣe yẹ tó bá dé orí ìwé. Wọ́n á fi yíǹkì ra á, wọ́n á nu ojú bàbà mọ́ kó ku kìkì èyí tó kó sínú ibi tí wọ́n wa, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tí wọ́n ti rin lómi mọ́ ọn pẹ̀lú agbára ńlá. Agbára yẹn ló ń fi ipa bàbà sílẹ̀: etí bàbà á tẹ ìwé wọlé yí àwòrán ká, bí ìgbà tí wọ́n tẹ àwo mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù. Òun náà ló ń mú kí ilà yíǹkì yọ sókè díẹ̀ lórí ìwé, tí ọmọ ìka fi lè mọ̀ ọ́n lára.

Iná ṣọ́ọ̀bù náà ò mọ́lẹ̀ tó, nítorí náà ẹ gbára lé tọ́ọ̀ṣì fóònù yín. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ẹ fi fóònù lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá. Bí ipa bàbà bá wà, òjìji rẹ̀ á yọ. Ẹ wá fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wo ilà odò. Ilà tí wọ́n fín máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, á sanra láàárín, á tún parí ní ṣóńṣó. Ilà tí wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fi yíǹkì ọlọ́ràá yàwòrán láìwa ojú òkúta náà, tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá rí tóótòòtó aláwọ̀ búlúù, pupa àti yẹ́lò tó kóra jọ bí òdòdó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ló ṣe é.

Má fi ipa bàbà nìkan ṣe ẹ̀rí o. Wọ́n lè ti gé e dànù lára ojúlówó, ayédèrú tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe sì lè ní i. Tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò wúlò níbí: nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ṣe láti àárín ọ̀rúndún ogún máa ń tàn ní funfun-búlúù nítorí èròjà tí wọ́n fi ń mú un funfun, ìwé àtijọ́ kì í sì í tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ìwé tó ṣáájú 1750 gbọ́dọ̀ ní ilà tó ṣàn gba inú rẹ̀, èyí tí wáyà àsẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìwé náà fi sílẹ̀. Àwọn tó nípọn máa ń jìnnà síra tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5.

Ìwé tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù náà ni ti Emanuel Bowen, 1747, tó pe ilẹ̀ wa ní "Negroland". Ó yege nínú gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí: ipa bàbà yí i ká, ilà wáyà wà nínú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sínú ìwé ńlá sì wà láàárín. Máàpù yìí náà ni wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé Júù ni wá, nítorí "Kingdom of Juda" tó wà létíkun rẹ̀. Juda ibẹ̀ kì í ṣe ti inú Bíbélì. Ouidah ni, ìlú etíkun ní Benin Republic, tí àwọn Potogí ń pè ní Ajudá. Ìtàn Júù ń bá ọlọ́jà ta ọjà, ọlọ́jà kì í sì í sọ pé irọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lórí rẹ̀. Etíkun ni òyìnbó mọ̀ nígbà yẹn, àhesọ ló fi kún àárín ilẹ̀.

Àhesọ náà wúlò fún mímọ ọjọ́ orí ìwé. James Rennell ló fa òkè Kong gùn kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí máàpù tó yà ní 1798 fún ìrìn àjò Mungo Park, àwọn ayàwòrán yòókù sì ń dà á kọ títí Binger, arìnrìn-àjò ará Faransé, fi gba ibẹ̀ kọjá ní ìparí àwọn ọdún 1880 tí kò rí òkè kankan. Odò Ọya ńkọ́? 1830 ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò Lander, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀ ọ́ dé òkun. Máàpù tó bá kọ 1815 síra, tí ẹnu odò náà sì wà níbi tó yẹ kó wà gan-an, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ogun ni ọlọ́jà ti ń ṣìnà jù. Àwọn ará Iléṣà ń wá máàpù Kírìjì nítorí Ògèdèǹgbé, ohun tó sì ń nà sí wọn ni ìwé Èkó àti ìgbèríko rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta. Àtijọ́ ni lóòótọ́, kì í kàn ṣe fínfín. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi kọ lu Ìjẹ̀bú ní 1892 àti Benin ní 1897, òkúta àti síńkì ni wọ́n sábà fi ń tẹ máàpù ogun, torí ó yá, kò sì wọ́n. Ìwé atọ́nà ọkọ̀ ojú omi ti Admiralty, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló yàtọ̀, bàbà ni wọ́n ṣì ń lò fún un. Lórí ìyẹn, ọdún tó wà lábẹ́ àkọlé sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n wọn ibẹ̀, kì í ṣe ti ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé. Ọjọ́ àtúnṣe tó kẹ́yìn ní etí ìsàlẹ̀ ló sún mọ́ ọjọ́ orí ìwé náà. Ti ìwé ìròyìn Illustrated London News rọrùn: ara pákó ni wọ́n fín in sí, kò ní ipa bàbà, ọ̀rọ̀ ìròyìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Férémù wọn dára lójú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé láìsí àlàfo, fáníìṣì rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ yí i padà o, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà: gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gbogbo ẹ̀yìn máàpù mọ́ páálí líle. Ìwé máa ń fẹ̀ lásìkò òjò, á sì súnkì lọ́yẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pinpin kò ráyè mira, nítorí náà á hunjọ tàbí kó ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a rí. Ásíìdì inú páálí á sọ ọ́ di bí ewé gbígbẹ. Gíláàsì tún fara kan ìwé, bẹ́ẹ̀ omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sáàárín wọn, á hu ẹbu. Wọ́n á tún fi laminéṣọ̀n lọ̀ yín. Ẹ kọ̀ ọ́. Kò ṣeé bọ́ mọ́.

Ìwé tí wọn ò tíì lẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ gba férémù lófìfo. Ẹ fi abala ìwé Jàpáàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, gbé máàpù kọ́ láti etí òkè nìkan, kí lẹ́ẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti sítáàṣì àlìkámà tí omi lè tú. Páálí tí kò ní ásíìdì ni kó wà lẹ́yìn, èyí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ kí máàpù lè hàn ni kó wà níwájú, kó nípọn tó láti fi mìlímítà 4 ya gíláàsì sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri inú ilé, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò dé.

Ẹ má gbà kí wọ́n ká a wọ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wọn, torí rọ́bà tí wọ́n fi ń dì í máa ń gé etí ìwé. Ẹ mú páálí méjì tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ju ìwé lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá láti ilé, ẹ tẹ́ máàpù sáàárín, kí tépù lẹ páálí mọ́ páálí láìkan ìwé. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ṣùgbọ́n ẹ tú u tí ẹ bá ti délé.