Ohun tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Pentax K1000 Tòkunbọ̀

Ọjọ́ ìkómọjáde ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kámẹ́rà yìí kọ́kọ́ dójú tì mí. Fíìmù Ilford HP5 ni mo kì sínú ẹ̀, torí mo fẹ́ kí fọ́tò náà rí bíi tàwọn ìyá wa, dúdú àti funfun. Mo yà á títí nọ́ńbà fi wọ 36, mo tún ń fojú pa àwọn tó ń fi fóònù yà rẹ́. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, òfo ni.

Mo fi ìbínú lọ bá ẹni tó fọ̀ ọ́ pé ó ti bà á jẹ́. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀. Ó na fíìmù náà síwájú iná, ó ní, “Àǹtí, ẹ wo etí ẹ̀.” Orúkọ Ilford àti àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ kọ sí i láti ilé iṣẹ́ hàn ketekete. Ó ní ká ní kẹ́míkà òun ló bàjẹ́ ni, àwọn yẹn náà ì bá má hàn. Bí etí bá kọ̀wé tí àárín sì ṣófo, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ò kan àárín yẹn rí. Fíìmù mi ò kọ́ eyín tó ń fà á. Inú agolo ẹ̀ ló jókòó sí látàárọ̀, èmi ń tẹ bọ́tìnnì kiri. Ojú tì mí débi pé mo ra fíìmù méjì lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Látìgbà náà, tí mo bá ti pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé, màá rọra yí kókó tí a fi ń ká fíìmù padà, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, títí yóò fi le díẹ̀. Tí mo bá wá fa fíìmù síwájú, kókó yẹn gbọ́dọ̀ yí. Kò yí? Fíìmù ò rìn nìyẹn, ohun yòówù kí nọ́ńbà máa sọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn K1000. Ọdún 1976 ni Asahi, ilé iṣẹ́ tó ni Pentax ní Japan, gbé e jáde, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1997, ìyẹn ni kò fi ṣòroó rí ní tòkunbọ̀. Irin ló ń ti irin nínú ẹ̀. Bátìrì LR44 kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì ń lò ó. Bátìrì kú o, kò kú o, yóò yàwòrán. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó náwó fíìmù kankan. Níṣọ̀ọ̀bù, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mo kọjú ẹ̀ sí fèrèsé, mo yí ṣọ́tà, aṣọ tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé bá fíìmù, sí 1000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, mo tẹ̀ ẹ́: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kárí, kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn lápá kan. Mo yí i sí 1, ìyẹn odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, mo tẹ́tí sí i. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi há sójú ọ̀nà, mo dá a padà. Mo tan iná fóònù gba inú lẹ́ǹsì láti wá ẹbu, tó máa ń ta bí òwú aláǹtakùn lára gíláàsì.

Fóòmù ni mi ò yẹ̀ wò. Fóòmù dúdú tó yí ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ká ti gbó, ó ti di ọ̀dà. Kodak Gold, fíìmù aláwọ̀, tí mo kì sí i ṣìkejì wá ní ìlà pupa bí ọwọ́ iná lára fọ́tò. Mo wo nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀: ìlà náà kọjá fọ́tò, ó dé ibi ihò etí fíìmù, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń jò. Ká ní inú fọ́tò nìkan ló mọ sí, lójú kan náà ní gbogbo ìgbà, aṣọ ṣọ́tà ló lu nìyẹn, iṣẹ́ alátùn-únṣe sì ni. Mo fi sípíríìtì àti tútpíìkì ha ọ̀dà náà kúrò, mo sì ki wúùlù dúdú tí a fi ń dirun sójú ihò ẹ̀. Kò jò mọ́.

Ẹ̀sùn mi tó kù ò pọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa abẹ́rẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, àfi kí o dé lẹ́ǹsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì á máa jò lọ títí á fi tán. Tèmi tán lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí àwọn àgbà onífọ́tò ń ṣe ni mo wá ń ṣe: oòrùn ọ̀sán, fíìmù 400 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), mo fi ihò lẹ́ǹsì sí 16, mo fi ṣọ́tà sí 500. Tó bá jẹ́ fíláàṣì, má jẹ́ kí ṣọ́tà kọjá 60. Mo fi 250 ya tọkọtaya kan rí, ìyàwó tàn yanran, ọkọ wọnú òkùnkùn. Kò sì ní èyí tí èèyàn á tẹ̀ kó sáré lọ dúró pẹ̀lú wọn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí nínú fọ́tò ẹbí wa kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi tún bímọ lóṣù tó kọjá. Mo gbé kámẹ́rà lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa fíìmù, òun tó gbọ́mọ lọ́wọ́ á na ọrùn síbẹ̀: “Ṣó yí?”