Goldsmiths' Fair ní London: ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lẹ máa bá sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn góòlù àti fàdákà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe é, ọ̀rọ̀ Goldsmiths' Fair ni mo bá wá, ìyẹn ìpàtẹ tí wọ́n máa ń ṣe ní London lọ́dọọdún, tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù àti fàdákà ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ń ká mi lára gan-an ni, torí àwa Yorùbá pọ̀ ní ìlú yìí, a kì í sì í fi góòlù ṣeré tí òde bá ti délẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dárúkọ ibẹ̀ fún ẹni mẹ́wàá nínú wa, ẹni mẹ́sàn-án á ní kí lẹ ń sọ yẹn.

Goldsmiths' Hall ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Foster Lane, tẹ́ ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú rélùwéè ní St Paul's ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín, ò jìnnà rárá. Ìparí September wọ October ló máa ń bọ́ sí, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n sì ti ń ṣe é bọ̀. Ilé yẹn nìkan tó lọ wò, ó rẹwà kọjá bẹ́ẹ̀, ọdún 1835 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, òun sì lẹlẹ́ẹ̀kẹta lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù tó ni ín ti gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba látọdún 1327, ẹ rò ó wò ná.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi tí mo ti ń ra nǹkan ọ̀ṣọ́ lọ ni pé ẹni tó ṣe ọjà ló dúró ti ọjà ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń ra góòlù, ẹni tó ń tà á ò mọ ẹni tó ṣe é, tẹ́ ẹ bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe jó etí òrùka yìí pọ̀ tí ojú ibi tí wọ́n ti jó o ò fi hàn, á kàn máa wò yín ni, tàbí kó sọ pé Italy ló ti wá. Níbí yìí ẹ bi í, á dá yín lóhùn, inú ẹ̀ tiẹ̀ máa dùn pé ẹ béèrè.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ife fàdákà, mo pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ gan-an. Ó gbé ife kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yí i wò dáadáa, mo wá rí i pé ojú òòlù ló kún ara ẹ̀ láti ìdí títí dé ẹnu, kéékèèké, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, tíná bá kàn án á máa dán yẹ́ríyẹ́rí. Mo ní báwo lẹ ṣe ṣe é, ó ní páànù fàdákà pẹlẹbẹ kan ni, òun gé e rógódó, òun wá gbé e lé orí irin, òun ń lù ú yípo yípo, tó bá lù ú dé àyè kan fàdákà á le, á fẹ́ ya, á wá fi iná sí i kó rọ̀ padà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe é títí pẹlẹbẹ yẹn á fi dìde di ife. Kò sí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ lára ẹ̀ rárá, odidi ni. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Àṣírù Ọlátúndé ará Òṣogbo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń lu bàbà àti páànù tí èèyàn, ẹranko àti igi ń jáde lára ẹ̀. Iṣẹ́ òòlù kan náà nìyẹn, ẹni bá dàgbà létí ilé arọ á mọ ohun tí obìnrin yẹn ń sọ kó tó sọ ọ́ tán.

Ó wá dojú ife yẹn dé, ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá hàn mí àwọn àmì kéékèèké tó wà nídìí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tí òfin ní kó ní àmì ló ní in. Àmì àkọ́kọ́ ni lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí tó gbé e wá, èkejì ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe mọ́ tó, ẹ̀kẹta ni àmì ọ́fíìsì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ti London jẹ́ orí ẹkùn, ọdún 1300 ló ti wà nínú òfin ilẹ̀ yìí! Ti Birmingham jẹ́ ìdákọ̀ró, ti Sheffield jẹ́ òdòdó, ti Edinburgh jẹ́ ilé olódi. Tẹ́ ẹ bá rí 375, karat 9 nìyẹn, 585 ni karat 14, 750 ni karat 18, 916 ni karat 22. Fàdákà tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 925, ìyẹn ni pé nínú ẹgbẹ̀rún, 925 jẹ́ fàdákà gidi, bàbà ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó kù, torí fàdákà tó mọ́ pátápátá máa ń rọ̀ jù láti lò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ta góòlù lórí WhatsApp ní ìlú yìí, àwọn àǹtí wa ń ṣe é, àwọn ọ̀rẹ́ wa ń ṣe é, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ ṣòwò wọn. Òfin ọdún 1973 lórí àmì yìí (Hallmarking Act) sọ pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè ní góòlù tẹ́ ẹ bá ń tà á, tó bá ti ju gíráàmù 1 lọ, ó gbọ́dọ̀ ní àmì yẹn, fàdákà ni tó bá ju gíráàmù 7.78 lọ. Ká kàn fẹnu sọ pé góòlù Saudi ni, ìyẹn ò tó lójú òfin. Ẹ lè kó ọjà yín lọ sí ọ́fíìsì tó ń yẹ góòlù wò kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì lù ú lámì, ẹ máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú ọ́fíìsì mẹ́rin yẹn, ẹ sì máa sanwó. Inú Goldsmiths' Hall yìí náà sì ni ọ́fíìsì ti London wà.

Ó dáa, owó ńkọ́? Ó wọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ máa rí yẹtí fàdákà tí owó ẹ̀ ò pọ̀ jù, ẹ sì máa rí òrùka tí owó ẹ̀ tó ra mọ́tò. Ẹ má lọ máa nájà níbẹ̀ bíi ti Balógun o, ẹni tó jókòó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lu ife kan, tó tún ra fàdákà fúnra ẹ̀, iye tó bá pè é ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un. Tó bá ju agbára yín lọ, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ gba káàdì ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn tó ń tajà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sì máa kó jáde kí àwọn mìíràn tó wọlé, torí náà ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo wọn máa lọ lẹ́ẹ̀mejì ni, tíkẹ́ẹ̀tì sì nìyẹn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ pàápàá, èrò máa ń pọ̀, ẹ ò ní ráyè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn sì lèrè ibẹ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sán.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ góòlù wa, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní yunifásítì, ẹ kọ̀wé béèrè àyè níbẹ̀. Wọ́n máa ń yan àwọn tó máa tajà ni, wọ́n sì ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2022, Emefa Cole tí wọ́n bí ní Sierra Leone ni wọ́n yàn kó máa tọ́jú nǹkan ọ̀ṣọ́ àwọn ará diaspora ní V&A, mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní London, òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nírú ipò yẹn, ìlẹ̀kùn ti ń ṣí, mo fẹ́ kí orúkọ Ayọ̀délé àti Mojísọ́lá náà wà lára tábìlì ní Foster Lane. Goldsmiths' Centre tó wà ní Clerkenwell náà ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́, ẹ yọjú síbẹ̀. Ẹni tó bá sì lágbára àtirìnrìn àjò, Schmuck, ìpàtẹ nǹkan ọ̀ṣọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, ni kó lọ wò lóṣù March, àwọn yẹn ti ń ṣe tiwọn látọdún 1959, nǹkan ọ̀ṣọ́ ibẹ̀ ya wèrè díẹ̀ ju ti London lọ, wọ́n lè fi pépà tàbí ike ṣe é, kì í ṣe góòlù dandan.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ gbàgbé: tí góòlù màmá yín bá wà nílé tó ti ṣẹ́ tàbí tí kò bágbà mu mọ́, ẹ bi àwọn tó ń tajà ní Goldsmiths' Fair bóyá wọ́n lè yọ́ ọ kí wọ́n fi ṣe nǹkan tuntun. Àwọn kan máa ń gbà, àwọn kan ò ní gbà. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá góòlù ni lóòótọ́, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi iná sí i.