Katakata tòkunbọ̀ kékeré: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ra katakata tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa ń sáré lọ gbọ́. Á ní kí wọ́n ṣáná sí i, á tẹ́tí, inú rẹ̀ á dùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn katakata ló ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ń so nǹkan mọ́, ibẹ̀ náà sì lowó ń bá lọ.

Tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí wọ́n ṣe ní Japan fún oko ìrẹsì inú ẹrẹ̀, irú èyí tí Kubota, Yanmar àti Iseki ti ń ṣe tipẹ́. Sílíńdà mẹ́ta, dísù ló ń mu, agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 20 ó lé díẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́sẹ̀. Bí òtútù bá mú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tó ń mú sílíńdà gbóná, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, ó ti jí. Kìkì pé kí ẹ má jẹ́ kí dísù gbẹ nínú táǹkì, torí ẹ ó kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù kó tó gbà. Mítà tó ń ka wákàtí ni mi ò gbà gbọ́. Pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ dé irin ló sọ ọjọ́ orí ọkọ̀ yẹn fún mi. Èdè Japan ni wọ́n kọ sára gbogbo líbà. Mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi ọ̀dà kọ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Rotavator, ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀, tó bá a wá ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ń so mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, kó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ti kúnná. Àmọ́ irin tí wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀, tiẹ̀ nìkan ló bá mu. Ìgbà tí sláṣà, ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn, dé niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pín-ìn sláṣà jẹ́ mílímítà 22 nísàlẹ̀ àti 19 lókè, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ohun àsomọ́ katakata kékeré ń lò. Ihò apá ẹ̀yìn tèmi, irin tó ń gbé ohun tí a bá so mọ́ ọn, 16 péré. Jórinjórin àkọ́kọ́ tó rí i ní òun á fi dírìlì fẹ̀ ẹ́. Mo ní ó tì o. Bọ́ọ̀lù irin ẹnu apá yẹn kò tóbi. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ, ohun tó ṣẹ́kù ò lè gbé ẹrù. Ṣe la gé ẹnu apá kúrò, tá a jó ẹnu tuntun oníhò 22 mọ́ ọn, tá a sì fi òrùka irin dí àyè tó ṣófo kí sláṣà má baà máa ju ìdí.

Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún ohun tí a so mọ́ ọn, PTO, wọlé wẹ́kú: mílímítà 35, eyín mẹ́fà. Eré rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àkọ́kọ́ ló sún mọ́ ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, òun náà ni sláṣà ń fẹ́. Ẹ má fi eré tó ga dán an wò.

Ohun tí ẹni tó tà á kò sọ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ yìí, inú gíà ni agbára ń gbà dé PTO. Abẹ sláṣà wúwo. Bó bá ti gbéra, kì í fẹ́ dúró. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ lè dúró lẹ́bàá ògiri, abẹ yẹn ṣì ń yí, á gba inú gíà padà, á máa ti ọkọ̀ lọ síwájú bí ẹni pé ẹ ò tẹ nǹkan kan. Irin kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu PTO tó ń jẹ́ kí agbára lọ láì jẹ́ kó padà, overrunning clutch ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní gé koríko láìsí i. Àmọ́ ó fi gígùn kún ẹnu PTO, ọ̀pá tó so mọ́ sláṣà wá gùn jù. Bí a bá gbé sláṣà sókè, ńṣe ló ń gún gíà. A gé ọ̀pá inú àti tìta níwọ̀n kan náà, a gé ike tó bò ó mọ́ ọn, a fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀. Ike yìí ni ẹni tó tà á ní kí n jù nù, ó ní ó ń dí èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀pá tó ń yí ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Bó bá mú etí ṣòkòtò, ariwo ò ní í yá ju ẹsẹ̀ lọ.

Bóòtù tó so ọ̀pá mọ́ sláṣà, rírọ̀ ni kó jẹ́, kó lè já bí abẹ bá kọlu kùkùté. Ẹ má fi èyí tó le pààrọ̀ rẹ̀.

Ti plough onídísíkì, ẹ gbàgbé. Mo yá oníméjì dán wò, imú ọkọ̀ ń gbé sókè, táyà ń yí lójú kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fúyẹ́ kó má baà rì ni. Eyín táyà rẹ̀ ga nítorí ẹrẹ̀ kan náà, torí ẹ̀ ló fi ń gbọ̀n lórí títì. Ẹ yọ táyà iwájú kúrò nínú fífà kí ẹ tó gun títì ọlọ́dà. Eré tiwájú àti tẹ̀yìn kò dọ́gba rẹ́gí, ilẹ̀ rírọ̀ nìkan ló ń gbà á mọ́ra.

Apá ẹ̀yìn máa ń gbọ̀n kó tó gbéra. Mo tú ọ́ìlì, ó funfun bíi wàrà. Rọ́bà ìdí líbà gíà ti ya, òjò ń gbabẹ̀ wọlé, ọ́ìlì gíà ló sì ń gbé apá náà. Rọ́bà tuntun, ọ́ìlì tuntun, fíltà tuntun, ó ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àléébù tó burú jù ni pé kò bá irin tó ń dáàbò bo awakọ̀ wá, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ èèyàn bó bá dojú dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ páìpù omi fún yín dípò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti dán agbára rẹ̀ wò ni kí ẹ wá, kí ẹ sì máa so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Bí irin yẹn ò bá sí, ẹ má so bẹ́líìtì rárá. Títí tèmi á fi dé, mi ò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Wọ́n ń bi mí bóyá mo máa so bọ́kẹ́ẹ̀tì ìkólẹ̀ mọ́ iwájú. Rárá. Áàsìlì iwájú tín-ín-rín, ó sì máa gba kí n so ẹrù wúwo mọ́ ẹ̀yìn kó má baà dorí kodò, ìyẹn ni pé kí n máa tú sláṣà ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kó iyẹ̀pẹ̀. Ṣọ́bìrì àti báróò ṣì wà nílé.